Ìbọn Ara Ògiri Pálọ̀ Wa

Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń sọ nípa ìbọn tó wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Abẹ́òkúta nígbà tí mo wà ní kékeré. Èkíní ni pé bàbá ńlá wa gbé e lọ sógun Dàhòmì. Èkejì ni pé nígbà tí Bàbá Àgbà, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, yìn ín níbi ìnáwó òkú bàbá wọn, ó dún débi pé ògiri sán. Ẹ̀kẹta ni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, nítorí náà kí ọkàn ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ balẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ rẹ̀ jẹun fún bí ogún ọdún. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta yìí nìkan ni mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè lé lórí rí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ṣakabùlà ni ìbọn náà, irú èyí tí àwọn ọdẹ ṣì ń lò ní àwọn abúlé wa. Tí ènìyàn bá gbé ìdí rẹ̀ lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ máa ń kan mi níwájú orí. Ẹnu yìí náà ni wọ́n ti ń kì í: wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á ki ìháhá ẹyìn lé e lórí, wọ́n á da ọta sí i, wọ́n á wá fi akísà tàbí ohunkóhun tó bá wà nítòsí dí i kí ọta má baà yí jáde. Òkúta kékeré kan wà lókè ìdí rẹ̀. Tí ènìyàn bá fa ìfà rẹ̀, òkúta yẹn á gbá irin, á ṣáná, iná á ran ẹ̀tù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, yóò sì gba ihò tóóró kan wọlé lọ bá ẹ̀tù inú. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọdún 1982, mo ti kàwé ìtàn tán ní yunifásítì, mo ti sin ilẹ̀ bàbá mi fún ọdún kan ní Òkè Ọya, mo sì ti rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan tó ń rí sí ohun àtijọ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo bá sì máa sọ, mo fẹ́ràn kí n kọ́kọ́ wò ó tẹ̀yìn tẹ̀yìn. Ìyá mi máa ń sọ pé tí ènìyàn bá kí mi pé ẹ kú àárọ̀, màá kọ́kọ́ wo aago kí n tó dáhùn. Àbùmọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe púpọ̀.

Lọ́dún náà, ọ̀gá mi pinnu pé a máa ṣe ìṣàfihàn àwọn ohun ìjà àtijọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú. Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé ohun tó bá ní wá, kí èmi sì kọ káàdì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìbọn méje ti dé ọ́fíìsì wa, mo sì jókòó pẹ̀lú àgbà kọ̀ọ̀kan tó gbé ìbọn wá láti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ìbọn méjèèje ló pa ọ̀gágun Dàhòmì. Ọ̀gágun kan náà ni, lọ́jọ́ kan náà, lẹ́bàá odi ìlú. Mo rọra ń bi wọ́n ibi tí ọta ti bà á. Nígbà tí mo fi máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọkùnrin náà ti gba ọta sí iwájú orí, sí àyà lẹ́ẹ̀mejì, sí ikùn, sí ọrùn àti sí orúnkún méjèèjì, kò sì sí èyí tí kò pa á lójú ẹsẹ̀.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní ọ́fíìsì wa kì í ṣe kóòtù, kí n kọ ohun tí onílé bá sọ. Mo ní tí àwọn ará ìlú bá ka káàdì méje tó sọ ohun kan náà ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n á mọ̀ pé ọ̀gágun náà lágbára gan-an.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ìwé tí mo kà kò ran ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́, kò sì tako wọn. Ohun tó dá mi lójú kò pọ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú wa nígbà ogun náà, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ará Dàhòmì, títí kan àwọn obìnrin wọn. Láti etí òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, pẹ̀lú ẹ̀tù nínú àgbá kéékèèké. Ọta ní tirẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ ọ́. Ìgbà tí kò bá sí, wọ́n á fi irin wẹ́wẹ́ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Tí òjò bá rọ̀, ìbọn á di igi ìdáná. Kí ìbọn kan pàtó tó lè sọ pé òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó, ó yẹ kó ní ẹlẹ́rìí, àwọn ẹlẹ́rìí sì ti kú tipẹ́.

Ìgbà yìí ni Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pè mí.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Aláàdìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú, ọwọ́ wọn ṣì dúdú fún aró títí dé ọrùn ọwọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ wọn ti gba ìṣọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìbọn ilé oníkálukú ti ń lọ sí gbọ̀ngàn, kí ló dé tí tiwa ṣì wà lára ògiri? Wọ́n ní kí n gbé e lọ, kí n sì kọ ọ́ gbàgàdà pé ìbọn tí bàbá ńlá wa fi ja ogun Dàhòmì nìyí. Wọ́n ti sọ fún gbogbo àwọn obìnrin ìṣọ̀ wọn. Gbogbo wọn ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni màá sì ka káàdì náà sí wọn létí. Tí kò bá sí ohun tí àwọn wí yìí lórí káàdì, ìbọn kò ní kúrò lára ògiri.

Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó sọ fún wọn pé ó lọ sógun.

"Bàbá ọkọ mi ni."

"Ta ló sọ fún bàbá?"

"Bàbá wọn ni. Ṣé wàá lọ bi wọ́n ni?"

Mo ní mo lè kọ ọ́ pé wọ́n sọ pé ó lọ sógun. Ìyá Àgbà wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ tó jáde nínú aró tí aró kò mú.

"Ta ni 'wọ́n'? Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi 'wọ́n sọ pé' sọ. Tí mo bá ta aṣọ fún ènìyàn, ṣé mo máa ń ní wọ́n sọ pé kò ní ṣí?"

Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn wọ ilé yìí ni àwọn ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ènìyàn, àwọn kò mọ̀wé, àwọn kò sì rí i ní kíkọ rí. Wọ́n fẹ́ kí ojú àwọn rí i ní kíkọ kí àwọn tó kú. Irú ọ̀rọ̀ báyìí le fún mi ju ìbínú lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ ìbọn náà wò dáadáa. Tí mi ò bá rí ohunkóhun tó tako ọ̀rọ̀ wọn, màá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ìbọn kì í purọ́.

Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ́ ẹní, mo mú tépù, rúlà àti ìwé. Mo wọn irin rẹ̀ láti ẹnu dé ibi ihò iná. Mo rọra ti ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu rẹ̀ títí kò fi lọ mọ́, mo sàmì sí ọ̀pá náà, mo fà á yọ, mo wọ̀n ọ́n. Òde fi nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan gùn ju inú lọ. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, iye kan náà ni mo ń rí. Inú mi dùn gan-an. Mo jókòó kọ ojú ìwé kan àbọ̀ lórí rẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe kí alágbẹ̀dẹ tó ṣe ìbọn náà ti mọ̀ọ́mọ̀ fi irin nínípọn dí ìdí rẹ̀, kí agbára ẹ̀tù má baà fọ́ ọ. Mo ní èyí jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ó yẹ kí a ṣe ìwádìí sí i. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ èyí, ẹnu ìbọn náà kọjú sí ikùn mi.

Ohun tó kù ni kí ẹni tó mọ irin bá mi wò ó. Bàbá alágbẹ̀dẹ kan wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ pé ìran wọn ló ń tún ìbọn ṣe fún àwọn ọdẹ ìhà ibẹ̀. Mo fi ẹní wé ìbọn náà, mo dè é lókùn, mo gbé e wọ mọ́tò tó ń lọ ọ̀nà Ìbàdàn. Kò sí bí mo ṣe lè gbé e dúró, ó ga ju òrùlé mọ́tò lọ. Mo gbé e dùbúlẹ̀ lé itan mi, ó sì kọjá lórí itan àwọn mẹ́ta mìíràn. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì dání ni ẹnu rẹ̀ bọ́ sí lápá. Ó bi mí pé kí ló wà nínú ẹní. Nítorí pé mi ò fẹ́ràn irọ́, mo ní ìbọn ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa pa sìgá rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìbọn àtijọ́ ni, òfìfo ni, mo sì fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Obìnrin náà ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí n ṣáà yí i sí ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà.

Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lójú ọ̀nà. Mo mú lẹ́tà ọ́fíìsì mi jáde, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ka lẹ́tà náà dé ìdajì, ó ní kí n tú ẹní, ó tẹ̀ba, ó fi ojú kan sí ẹnu ìbọn, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ó bi mí bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Mo ní rárá, mo sì fi ìwé tí mo kọ lórí ìdí irin nínípọn hàn án. Ojú ìwé náà ló jẹ́ kó yára jẹ́ ká máa lọ.

Bàbá alágbẹ̀dẹ jókòó sídìí ẹwìrì nígbà tí mo dé. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ṣàlàyé ara mi, wọ́n gba ìbọn náà. Wọn ò bá mi wo tépù tàbí rúlà. Wọ́n ti ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò sàmì, wọ́n fà á yọ, wọ́n fi ọ̀pá náà lé ẹ̀gbẹ́ irin lóde. Wọ́n wo ibi tí àtàǹpàkò wọn dé. Wọ́n wá rọra yí ẹnu ìbọn náà sí ọ̀nà oko níbi tí kò sí ènìyàn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn bomi paná àgbẹ̀dẹ.

"Akọ̀wé," ni wọ́n pè mí, "ta ni ẹ ń bá jà?"

Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, bàbá.

"Ẹ̀tù wà nínú ìbọn yìí. Ọta wà nínú ẹ̀. Ó ti kún, ẹni tó máa fà á ló ń retí."

Mo ní kí wọ́n má bínú, mo rò pé ìdí irin náà ló nípọn. Mo ṣàlàyé láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí agbára ẹ̀tù ṣe lè mú kí alágbẹ̀dẹ ìgbà náà ronú bẹ́ẹ̀. Bàbá gbọ́ mi dé òpin láìjá lu ọ̀rọ̀ mi, wọ́n sì ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ létí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé etí yín sí ẹnu ẹ̀. Èmi á fa ìdí ẹ̀. A ó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì."

Mo ní mo fara mọ́ tiwọn.

Wọ́n da omi sí i láti ẹnu, wọ́n fi í sílẹ̀ títí oòrùn fi kọjá orí. Nígbà tó yá, wọ́n mú ọ̀pá kan tí irin lílọ́ wà lórí rẹ̀, wọ́n ń yí i, wọ́n ń fà á. Akísà aṣọ kan tó dúdú bí èédú ló kọ́kọ́ jáde, tó bá àtẹ́lẹwọ́ dọ́gba. Ọta tẹ̀lé e, irin kóróbótó tó ti dípẹtà, kò sí méjì tó dọ́gba. Lẹ́yìn náà ìháhá ẹyìn, lẹ́yìn náà ẹ̀tù tó ti di ẹrẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta kan. Mo ń ka iye ìgbà tí mo ti jẹun lábẹ́ ìbọn yìí, mo sì dé orí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún kí n tó dákẹ́.

Bàbá fi abẹ́rẹ́ gún ihò iná náà, wọ́n fi hàn mí pé ó ti dí pátápátá. Wọ́n ní ẹni tó yìn ín kẹ́yìn kò nu ojú ihò. Òkúta ṣáná, ẹ̀tù inú àwo jó, ti inú kò gbọ́. Mo bi wọ́n bóyá ó ṣeé ṣe kó ti dún, kí wọ́n wá tún un kì. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n eérú ẹ̀tù tó jó nínú àwo yẹn ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lẹ̀ mọ́ ihò tí kò gba iná. Ẹni tó kì í yìí ló yìn ín, kò sì dún. Wọ́n tún fi àmì mẹ́ta kan hàn mí lára irin tó gbé òkúta dúró. Wọ́n ní bàbá àwọn ló máa ń fi àmì yẹn síṣẹ́. Nítorí náà orí ìbọn náà, ìyẹn apá tí òkúta wà, kò lọ sógun Dàhòmì kankan, nítorí wọn ò tíì bí bàbá wọn nígbà náà. Irin gígùn náà ńkọ́? Wọ́n ní ti òyìnbó ni, ó sì ti pẹ́. Báwo ló ṣe pẹ́ tó? Wọ́n ní àwọn kò bá wọn wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́dún náà, títí kan àwọn olùkọ́ mi àtijọ́, bàbá yìí nìkan ló dá ìbéèrè lóhùn dé ibi tí ìmọ̀ wọn mọ, tí wọ́n sì dákẹ́ níbẹ̀.

Mo padà sílé pẹ̀lú ìròyìn burúkú mẹ́ta. Mo kó ọta, ìháhá àti aṣọ náà sínú ìwé ìròyìn, mo tẹ́ wọn síwájú Ìyá Àgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé ìbọn náà kò dún lọ́jọ́ ìnáwó. Wọn ò gbọ́ mi. Aṣọ náà ni wọ́n mú. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fi ahọ́n kan etí rẹ̀. Wọ́n ní kí n bu omi wá, kí n mú ọṣẹ dúdú.

Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Èédú ẹ̀tù ń lọ, aró ń yọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan wọn, wọ́n fi ìka nà án. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Alángbá kan wà láàárín rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi yà á, ọwọ́ ẹni tó yà á sì ti gbọ̀n díẹ̀. Mo rí i tí ẹnu Ìyá Àgbà ń mì. Wọ́n ń ka nǹkan.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí gbogbo ilé wa mọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tiwa. Ìyá Àgbà ń gbé ìsàlẹ̀. Òkè ni ìyálé wọn ń gbé, ìyẹn ìyàwó àkọ́fẹ́ Bàbá Àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òkè. Àwọn méjèèjì máa ń kí ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì sí ju ìyẹn lọ. Ìyá Àgbà kì í gun àtẹ̀gùn. Ìdí rẹ̀ ni pé, kí wọ́n tó bí bàbá mi, nígbà tí Ìyá Àgbà ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, wọ́n ya àdìrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá yà nínú ilé ọkọ. Wọ́n sá a sórí okùn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹnìkan ti gé igun rẹ̀ kan lọ, alángbá kan ṣoṣo tó wà lórí aṣọ náà sì bá a lọ. Ìyá Àgbà sọ níwájú gbogbo agbo ilé pé owú ló mú kí ìyálé àwọn gé e. Ìyá Òkè dáhùn pé kí ni òun fẹ́ fi alángbá ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ṣe? Ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni, ìrù ni èkarùn-ún. Ìyá Òkè ní òun rí ìrù náà lọ́tọ̀. Kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí alángbá ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti tó àádọ́ta ọdún. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á sí ara àwọn ìtàn tí kò ní ẹ̀rí.

Ìyá Àgbà kà á tán.

"Ọkọ mi," ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn náà èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí mì, mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín sì ni. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n di ọwọ́ àwọn mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gun àtẹ̀gùn. A sinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà.

Ìyá Òkè jókòó sórí ẹní ìkírun pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́. Wọ́n wò wá bí a ṣe ń wọlé, wọn ò sì dá ìka wọn dúró lórí tẹ̀súbà.

"Ìyálé mi," ni Ìyá Àgbà wí, "mo rí aṣọ mi."

"Níbo?"

"Inú ìbọn. Ọkọ wa ló gé e. Wọ́n fi dí ọta."

Ìyá Òkè gbé ìlẹ̀kẹ̀ bíi mẹ́ta kọjá.

"Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

Ìyá Àgbà yíjú sí mi, bí ẹni pé ó yẹ kí yunifásítì lè ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Márùn-ún," ni wọ́n wí.

"Pẹ̀lú ìrù?"

"Ìrù wà lọ́tọ̀."

Ìyá Òkè gbé tẹ̀súbà sílẹ̀. Wọ́n ní kí ìyàwó àwọn jókòó, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

Ìyá Àgbà tọrọ àforíjì, wọ́n tọrọ rẹ̀ dáadáa, lórí ìkúnlẹ̀, tó fi jẹ́ pé èmi ni mo gbé wọn dìde. Nígbà tí ìyẹn parí ni mo rántí iṣẹ́ mi. Mo bi Ìyá Òkè bóyá wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yin ìbọn. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ àwọn gan-an ni àwọn dúró sí. Àwọn ọdẹ àdúgbò bíi mẹ́wàá ló yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ mì, èéfín bolẹ̀. Ti ọkọ àwọn kò dún. Iná kékeré kan jó fìrì lókè rẹ̀, ó parí síbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọkọ wa fò sẹ́yìn," ni wọ́n wí. "Ó di èjìká mú, ó ní ìbọn bàbá òun le. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń fi òrí ra èjìká yẹn fún un. Kò sí nǹkan tó ṣe èjìká."

Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí ọkọ wọn ni. Mo béèrè nípa ògiri tó sán. Wọ́n ní ògiri yẹn ti sán kí wọ́n tó gbé àwọn wọlé. Ìyá Àgbà ní àwọn gbọ́ ìró náà láti ilé ìdáná, erùpẹ̀ sì bọ́ sínú ọbẹ̀. Ìyá Òkè ní ìbọn mẹ́wàá dún, kí ló dé tí erùpẹ̀ kò ní bọ́? Mo jókòó sí igun, mo ń gbọ́ àwọn obìnrin méjì yìí tí wọ́n ń yẹ ẹ̀rí wò. Mi ò rò pé mo gbọ́ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí ní yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ káàdì ló kù. Lọ́jọ́ kejì Ìyá Àgbà bi mí pé kí ni màá kọ. Mo sọ òótọ́ fún wọn: irin rẹ̀ ti pẹ́, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó; orí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹ̀yìn ogun Dàhòmì ni wọ́n sì ṣe é. Ó lè jẹ́ pé irin náà lọ sógun, ó lè jẹ́ pé kò lọ. Mi ò lè kọ ọ́ pé ó lọ. Mo ti múra sílẹ̀ fún kí wọ́n ní kí n gbé ìbọn padà sára ògiri.

Wọ́n ronú. Wọ́n ní àwọn ti fi ẹ̀sùn ohun tí àwọn kò rí kan ìyálé àwọn fún àádọ́ta ọdún, àwọn kò ní fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n "wọ́n sọ pé" kọ́ ni kí n kọ. Kí n kọ "ilé wa sọ pé", kí ènìyàn lè mọ ẹni tó yẹ kó bá jà. Mo rò ó wò, mo rí i pé ó dára ju tèmi lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n fi aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, nítorí àwọn mọ ẹni tó ṣe ìyẹn.

Mo ní tí mo bá máa kọ nípa aṣọ, ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ pé tiwọn ni.

"Ṣé ẹsẹ̀ yẹn náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀?"

"Ìyá Àgbà, òun nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kọ ọ́."

Lọ́jọ́ ìṣàfihàn, ìbọn méje tó pa ọ̀gágun Dàhòmì wà lórí tábìlì gígùn, àwọn ènìyàn sì ń ti ibì kan kọjá sí ibòmíràn, wọ́n ń ka káàdì wọn, wọ́n ń mi orí, ojú wọn ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ èkeje. Tiwa ló wà ní ìpẹ̀kun. Àwọn obìnrin Ìtòkú yí Ìyá Àgbà ká, wọ́n ń fi ìka nà sí alángbá náà, wọ́n ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe po ẹ̀kọ nígbà náà. Kò sí ẹni tó wo ìbọn. Ọ̀gá mi kọjá, wọ́n ka káàdì mi, wọ́n ní ó gùn jù. Wọn ò ní kí n mú un kúrò.

Ìyá Òkè dé nígbà tí èrò ti fẹ́ tán. Wọ́n gbé wọn wá nínú mọ́tò, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ títí dé iwájú tábìlì. Wọ́n tẹ̀ mọ́ aṣọ náà, wọ́n fi ìka ka ẹsẹ̀ alángbá náà lókè gíláàsì, wọ́n kà á dé òpin. Wọ́n ní kí n ka ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn. Ìyá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń wo òrùlé gbọ̀ngàn.

Mo kà á: "Ìbọn ṣakabùlà olókùúta. Ilé wa sọ pé ó lọ sógun Dàhòmì. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò mọ̀. Wọ́n ki ẹ̀tù sí i kẹ́yìn níbi ìnáwó òkú kan, kò sì dún. Aṣọ tí wọ́n fi dí i ni iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó ẹni tó kì í. A mọ̀ ọ́n nítorí pé alángbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ márùn-ún, ìrù wà lọ́tọ̀."

Ìyá Òkè di ọwọ́ ìyàwó wọn mú.

"Tún ibi ìparí yẹn kà," ni wọ́n wí.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó gbà ká máa lọ sílé.